Bí A Ṣe Ń Fi Èèrà Aránwé Ṣe Ọdẹ Oko Kajú àti Máńgòrò

Èèrà pupa kan wà tó máa ń fa ewé tútù pọ̀ mọ́ra lórí igi, á rán an di ilé roboto bíi bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá fara kan ẹ̀ka tó wà, á ya bò yín, á bù yín jẹ, á sì tu omi kíkan sójú ibi tó bù jẹ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń fi iná sun ilé rẹ̀, tàbí kí wọ́n fín oògùn sí i kí wọ́n tó kórè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ iná yẹn dúró. Nínú gbogbo kòkòrò tó ń pa kòkòrò jẹ lóko wa, òun ló rọrùn jù fún àgbẹ̀ láti fojú rí, láti gbé láti igi kan sí òmíràn, àti láti bọ́.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Níhìn-ín, èèrà aránwé la ó máa pè é. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Oecophylla longinoda. Ọdẹ méjì ni Yorùbá mọ̀, ọdẹ tó ń pa ẹran nínú igbó àti ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Iṣẹ́ méjèèjì ni èèrà yìí ń ṣe. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun rárá: ní Ṣáínà, ìwé kan tí wọ́n gbà pé ọdún 304 ni wọ́n kọ ọ́ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ta ilé èèrà nínú àpò lọ́jà fún àwọn tó ní ọgbà ọsàn. Ẹ̀yà ti Éṣíà ni tiwọn. Tiwa ni wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa nínú oko máńgòrò àti kajú ní orílẹ̀-èdè Benin, pàápàá ní ìhà Parakou.

Ohun tí ẹ lè retí lọ́wọ́ rẹ̀

Lórí kajú, ó ń lé àwọn kòkòrò tó ń fi ẹnu gún ọ̀mùnú, òdòdó àti èso kékeré, bíi Helopeltis àti Pseudotheraptus. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí lẹ ń rí bí ọ̀mùnú bá ní ojú àpá dúdú gígùn tó sì gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀, tàbí bí kóró kajú kékeré bá ní ojú dúdú tó tẹ̀ wọnú, tó sì súnkì. Lórí máńgòrò, eṣinṣin èso ni ọ̀tá, pàápàá Bactrocera dorsalis, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ọdún 2003 ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà kó tó ya dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ló ń yé ẹyin sínú máńgòrò tó ń pọ́n, tí ẹ ó wá gé e lójú oníbàárà kí ìdin máa jáde.

Èèrà ń pa lára eṣinṣin yìí, ó sì ń gbé ìdin tó bá jáde láti inú èso. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni òórùn rẹ̀. Ibikíbi tí èèrà bá ti ń rìn lára èso, ó ń fi òórùn sílẹ̀ níbẹ̀, eṣinṣin tó bá sì gbọ́ òórùn náà kì í fẹ́ pẹ́ lórí èso ọ̀hún débi tí yóò yé ẹyin. Nítorí náà, ẹ má fi iye ilé tó wà lórí igi díwọ̀n. Igi lè ní ilé mẹ́fà ní ìhà ìlà-oòrùn kí ìhà kejì má rí èèrà kan. Ohun tí à ń wá ni kí èèrà máa rìn lórí gbogbo ẹ̀ka. Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ agbo-ilé kan yàtọ̀ sí èkejì

Ilé kan kọ́ ni agbo-ilé kan. Agbo-ilé èèrà aránwé lè ní ọ̀pọ̀ ilé lórí igi mélòó kan tó wà nítòsí ara wọn, ìyá kan ṣoṣo ló sì bí gbogbo wọn. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà nìyá wà. Àwọn àgbààgbà èèrà ló máa ń gbé ilé tó wà ní ààlà, níbi tí ogun ti lè wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ló wà láàárín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi méjì jẹ́ ti agbo kan náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé èèrà bíi mẹ́wàá láti orí igi kìíní, kí ẹ gbé wọn sórí ẹ̀ka igi kejì, níbi tí àwọn onílé ti ń rìn. Ẹ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú 5. Bí wọ́n bá fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí wọn kan ara wọn tí wọ́n sì kọjá lọ, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Bí wọ́n bá la ẹnu síra wọn, tí wọ́n gbé ìdí sókè, tí mẹ́ta mẹ́rin sì di ẹsẹ̀ àlejò kan mú tí wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, agbo méjì ni. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi agbo kìíní, ẹ so aṣọ funfun mọ́ ti èkejì. Ẹ má fo ìdánwò yìí o. Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí àgbẹ̀ kó ilé láti agbo méjì sórí igi kan náà; kó tó di ọjọ́ kejì, òkú èèrà á ti kún ìdí igi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún oko ṣe kí ẹ tó gbé èèrà wá

Ọ̀tá ńlá èèrà aránwé, èèrà lòun náà. Èèrà ilẹ̀ kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti kọfí, àwọn kan nínú wọn sì ní orí tó tóbi ju ara wọn lọ. Pheidole megacephala ló ń jẹ́. Yẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ wuuru ní ìdí igi lẹ fi máa mọ̀ pé ó wà. Bí ó bá ti gba ìdí igi, èèrà aránwé kò ní lè sọ̀kalẹ̀ rìn lórí ilẹ̀, Pheidole sì lè gun igi lọ bá a kó lé e lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oko tí wọ́n ro tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ gbọọrọ ló ń ran Pheidole lọ́wọ́. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lóko ọsàn ní Tanzania fi hàn pé níbi tí wọ́n bá ti fi koríko sílẹ̀ láàárín igi, èèrà aránwé ló ń borí. Níbi tí wọ́n bá ti ro ilẹ̀ kanlẹ̀, Pheidole ló ń borí. Nítorí náà, ẹ bẹ́ koríko kó mọ níwọ̀n, ẹ má hú u tán. Ẹ kó igi jíjẹrà àti ẹ̀ka gbígbẹ kúrò ní ìdí igi. Bí ẹ bá rí ihò Pheidole, ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ ṣọ́ra fún gbòǹgbò igi. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kì í tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkó ilé

Ẹ wá gọ̀ǹgọ̀ gígùn tó ní ọ̀bẹ mímú lórí, àpò ọ̀rá ńlá tó nípọn, okùn tínrín, àtíkè ìpara àti eérú. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi eérú pa ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn. Èèrà kò lè rìn dáadáa lórí ara tó ní eérú. Ẹ wọ awò sójú bí ó bá wà. Bí omi kíkan rẹ̀ bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ eléérú ra á.

Agogo 6 sí 8 àárọ̀ ló dára jù, nígbà tí ara wọn kò tíì móoru tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà nílé. Ẹ fi àtíkè pa ẹnu àpò nínú kí wọ́n má lè gun òkè jáde. Ẹni kan á la àpò sábẹ́ ilé, ẹnì kejì á gé ẹ̀ka náà kó bọ́ sínú rẹ̀ tewétewé. Ẹ má fà á ya. Ẹ di ẹnu àpò, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i lára, kí ẹ gbé e sábẹ́ ibòji. Àpò tó bá wà nínú oòrùn fún wákàtí kan ti di ìsìnkú. Ọjọ́ tí ẹ kó wọn náà ni kí ẹ gbé wọn dé igi tuntun.

Ilé wo ni kí ẹ kó? Èyí tí ewé rẹ̀ ṣì tútù. Ilé tí ewé rẹ̀ ti gbẹ pátápátá, wọ́n sábà máa ń ti fi í sílẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọmọ nínú. Bí ẹ bá dúró ti ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ìdí rẹ̀ á yé yín. Ẹ ó rí ọ̀wọ́ èèrà tó tò sí etí ewé, tí wọ́n fi ẹnu di ewé kan mú, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ di èkejì. Bí ewé méjèèjì bá jìnnà síra, ọ̀kan á di ìbàdí èkejì mú, èkejì á di ti ẹ̀kẹta, wọ́n á di ẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì jọ fà á. Lẹ́yìn náà ni òmíràn á gbé ọmọ funfun kan sẹ́nu, á fi orí ọmọ náà kan etí ewé ti òsì, á fi kan ti ọ̀tún, á tún padà sí òsì, òwú tínrín á sì máa jáde lẹ́nu ọmọ náà bí ó ti ń lọ bí ó ti ń bọ̀. Àgbà kò ní òwú. Ọmọ ni wọ́n fi ń rán ilé, agbo tí kò bá sì lọ́mọ kò lè kọ́ ilé tuntun níbi tí ẹ gbé e dé.

Ní ti ìyá, ẹ kò ní rí i lójú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú ni kí ẹ kó gbogbo ilé agbo kan náà tí gọ̀ǹgọ̀ yín bá lè tó, títí kan èyí tó wà lókè téńté. Ẹni tó bá kó ilé márùn-ún láti ìsàlẹ̀ igi nítorí pé wọ́n sún mọ́ ọn, òṣìṣẹ́ ló kó, kò kó ìyá. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á máa kú díẹ̀díẹ̀, igi á wá dá páropáro. Lẹ́yìn oṣù 2, ẹ ya ilé kan wò. Bí ẹyin wínníwínní àti ọmọ kéékèèké bá wà, ìyá bá wọn wá. Bí ẹ kò bá rí ọmọ, tàbí tó jẹ́ kìkì akọ dúdú abìyẹ́ lẹ ń rí, ẹ padà lọ kó èyí tó kù níbi tí ẹ ti kó wọn.

Bí kò bá sí agbo kankan nítòsí, a lè mú ìyá tuntun. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ká ewé máńgòrò bí ẹní, ẹ fi òwú dì í, kí ẹ so bíi 20 mọ́ ẹ̀ka igi tó wà nítòsí agbo tó ti dàgbà. Ìyá tuntun tí akọ bá ti gùn tó sì ti bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ máa ń wá ibi ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Kò ní jẹun títí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ á fi dàgbà, bí oṣù kan ni ìyẹn. Bí ẹ bá fi ọmọ tó wà nínú oorun ìdàgbà (èyí tó ti dákẹ́, tó kù díẹ̀ kó di àgbà) láti agbo mìíràn kún tirẹ̀, á gbà wọ́n, agbo náà á sì yára dàgbà. Àgbà ni kì í gbà. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún kan kí agbo bẹ́ẹ̀ tó kún igi. Bí agbo bá wà ní igbó ẹ̀yìn oko yín, ìyẹn ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ so àpò mọ́ ibi tí ẹ̀ka ti yà lórí igi tuntun, níbi tí ewé ti pọ̀ tí oòrùn kò sì ti ta gan-an, kí ẹ wá tú ẹnu rẹ̀ kó kan ẹ̀ka. Ẹ rọra kúrò. Wọ́n á kọ́kọ́ dàrú, wọ́n á sáré kiri. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti máa fa ewé.

Ẹ po gíráàmù 300 ṣúgà sínú lítà omi 1. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò náà, kí ẹ so ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tí èèrà ń gbà kọjá. Ẹ tún so ìfun ẹja tàbí ìfun adìyẹ tó tó ẹ̀kún ọwọ́ kan mọ́ ẹ̀ka mìíràn. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó má bàa bí ìdin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹ dá ẹran dúró, kí ebi lè mú wọn ṣọdẹ. Ṣúgà ni ẹ lè dá padà díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ líle.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: okùn

Níbi tí ẹ̀ka igi kò bá ti kan ara wọn, ẹ na okùn láti igi sí igi. Okùn ọ̀rá tó nípọn bí ìka kékeré tó, ọparun gígùn náà á ṣe é. Ẹ so ó ní gíga tó ju orí ènìyàn lọ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko má bàa fi orí gbá a, kí ẹ má sì so ó fún jù mọ́ ẹ̀ka; okùn tó fún á gé ẹ̀ka bí igi bá ń sanra. Okùn yìí ló ń gba èèrà lọ́wọ́ Pheidole tó wà nílẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí agbo kan ṣọ́ igi mẹ́wàá dípò méjì.

Ẹ kò gbọdọ̀ na okùn láàárín agbo méjì. Ní ààlà wọn, ẹ gé ẹ̀ka tó bá kan ara wọn, tàbí kí ẹ fi ọ̀wọ́ igi kan sílẹ̀ láìsí èèrà. Bí ẹ bá rí èèpá dúdú tótòtó lára máńgòrò tí inú rẹ̀ kò sì ní ìdin, ẹ lọ wo ààlà: omi kíkan tí èèrà ń tú síra wọn lójú ogun ló ń jó awọ èso bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ máa kà wọ́n

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà òdòdó àti èso. Ẹ dúró sábẹ́ igi, kí ẹ ka àwọn ẹ̀ka ńlá. Ẹ̀ka tí èèrà tó lé ní 10 ń rìn lórí rẹ̀ gba máàkì 1. Èyí tí èèrà 1 sí 10 wà gba ìdajì. Èyí tí kò sí nǹkan gba òdo. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi iye ẹ̀ka pín in, ẹ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní igi kan ní ẹ̀ka 8, mẹ́rin nínú wọn kún, méjì ní díẹ̀, méjì ṣófo: 4 àti 1 jẹ́ 5, 5 nínú 8 sì jẹ́ ìdá 62 àti ààbọ̀. Igi tó bá lé ní ìdá 50 ní ọdẹ. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìdí: ṣé okùn já ni, ṣé Pheidole ni, ṣé aládùúgbò ló fín oògùn?

Oògùn, àti ohun tí èèrà kò lè ṣe

Cypermethrin, lambda-cyhalothrin àti imidacloprid, gbogbo wọn ló ń pa èèrà aránwé. Fífín kan ṣoṣo lè pa iṣẹ́ oṣù mẹ́fà run, kòkòrò ajẹ̀gbìn á sì padà kí ọdẹ tó padà. Bí eṣinṣin èso bá ṣì pọ̀ jù, ìjẹ ẹ̀tàn spinosad, ìyẹn oògùn tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ tí eṣinṣin fẹ́ràn, tí wọ́n máa ń ta sí ojú kan lára ewé, ló ṣeé lò pẹ̀lú èèrà. Wọ́n ti lo méjèèjì pọ̀ lóko máńgòrò ní Benin. Ẹ máa ṣa èso tó bá bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ sin ín kó jìn tó ìdajì mítà, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ fi í sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Èèrà kò lè rí gbogbo ìdin tó ń wọlẹ̀ lábẹ́ èso jíjẹrà, ẹ má sì fi iṣẹ́ yín lé e lórí.

Ẹ tún mọ àléébù rẹ̀. Èèrà aránwé fẹ́ràn omi dídùn tí àwọn kòkòrò kéékèèké kan ń tú jáde, èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ìpẹ́ àti èyí tó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára. Ó ń ṣọ́ wọn bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù, kò sì ní jẹ́ kí agbọ́n kékeré tó ń pa wọ́n sún mọ́ wọn. Bí díẹ̀ bá wà, kò burú. Bí ewé bá ti ń dúdú bíi pé wọ́n fi èédú pa á, ó ti pọ̀ jù: ẹ gé ẹ̀ka tó kún jù, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ èyí tó kù, ẹ̀ka náà nìkan, kì í ṣe gbogbo igi.

Èèrà kì í wo àrùn ewé. Bákan náà, kòkòrò agbẹ́ka tó ń gé ẹ̀ka kajú yípo bí ẹni fi ayùn gé e, Analeptes trifasciata, ẹ má retí pé èèrà á bá yín mú un. Inú ẹ̀ka tó gé ló yé ẹyin sí; ẹ ṣa ẹ̀ka wọ̀nyẹn, kí ẹ sun wọ́n.

Kíkórè

Bí ẹ kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ fi oko kajú bẹ̀rẹ̀. Kajú máa ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ la ti ń ṣà á, èèrà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ti máńgòrò ló gba ọgbọ́n. Ẹ kórè láàárọ̀ kùtù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ so ìfun ẹja mọ́ ẹ̀ka tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn; ọ̀pọ̀ wọn á ya síbẹ̀. Gọ̀ǹgọ̀ alápò ni kí ẹ lò, ẹ má gun igi bí kò bá pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kó fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kó sì da eérú sí ẹ̀ka tó fẹ́ dì mú. Ẹ tẹ́ èso sábẹ́ ibòji fún wákàtí kan kí ẹ tó dì í. Èèrà tó wà lára rẹ̀ á wá ọ̀nà ilé lọ.

Lẹ́yìn ìkórè ni à ń gé ẹ̀ka. Ẹ kọ́kọ́ yí igi po, kí ẹ so aṣọ mọ́ ẹ̀ka tó ní ilé tútù, kí ẹni tó mú àdá má bàa gé ilé ìyá sọ nù. Bí ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ bá gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ gé e tewétewé, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka tó kù lórí igi kan náà. Wọ́n á kó ẹrù wọn kúrò nínú rẹ̀ bí ewé náà bá ti ń gbẹ.